Fíìmù Tó Jáde Látinú Orí Fèyíṣetán

Fíìmù náà kò ní òṣèré kankan. Kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó kun àtíkè sójú. Inú orí ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n ti fà á jáde, ẹni náà sì ni Fèyíṣetán, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá Ayédèjì, tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Ayédèjì yìí ni ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá, lábẹ́ òrùlé dígí, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ìwé Ẹni Tó Gba Òjò Padà tó bẹ́ẹ̀, ìtàn Ẹ̀fúnṣọlá, akọni obìnrin tó lọ bá Ọba Ọ̀gbẹlẹ̀ jà nítorí òjò. Ti Fèyí wá lé kenkà. Ẹ ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ nínú ìwé náà, ẹ ti wọ gàù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ògúndíran, bàbá rẹ̀, ló ń kà á fún un láti kékeré. Bàbá yìí ti rí òjò rí kó tó gòkè wá sórí òṣùpá, tó bá sì ń kàwé, á máa sán bí àrá. Tó bá wá dé ibi tí Ẹ̀fúnṣọlá ṣubú lẹ́nu odi Ọba Ọ̀gbẹlẹ̀, tí bàbá akọni náà ké pè é láti òkèèrè, kì í pe orúkọ inú ìwé. Oríkì ọmọ tirẹ̀ ló ń pè: "Àwẹ̀ró, dìde!" Fèyí á sì fò dìde lórí ẹní. Bàbá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, ẹnu ìyá Fèyí kò gbé oríkì yẹn. Bó bá ti fẹ́ pè é, ẹkún ni.

Ìgbà tí Dókítà Láṣekàn gbé ẹ̀rọ afọkànyàwòrán dé, tó ní òun ń wá ẹni tó mọ ìwé náà jù, Fèyí ló kọ́kọ́ nawọ́. Ẹ̀rọ náà dà bí akoto. Wọ́n á dé e fún ènìyàn, ẹni náà á máa ro ìtàn, ẹ̀rọ á sì fa gbogbo ojú àti ohùn tó wà lọ́kàn rẹ̀ jáde sára ògiri. Ìyá rẹ̀ yarí kanlẹ̀.

"Dókítà, tí ẹ bá bu omi inú ìkòkò, ṣé ìkòkò á ṣì kún ni?"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwòkọ lásán là ń mú."

"Ta lẹ ti dé e fún rí?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà ẹ kì í fẹ́ ohun tuntun."

Fèyí di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Màámi, mo fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ ohùn bàbá mi." Kí ni ìyá fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ó gbà.

Wọ́n dé ẹ̀rọ náà fún Fèyí, wọ́n sì fa ìtàn náà jáde. Lónìí, nínú gbọ̀ngàn, fíìmù bẹ̀rẹ̀, Fèyí ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. "Ẹ wo odi yẹn! Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn!" Bọ́tìnì pupa kan wà lára àga rẹ̀. Ìyà tí àwọn onífíìmù àtijọ́ fi jẹ ìwé, tí wọ́n ń yí ìtàn wọn padà, ló bí i: ní Ayédèjì, ẹni tó mọ ìwé jù ló ń di bọ́tìnì mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí fíìmù bá jáde. Ohun tí kò bá bá ìwé mu, tó bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á pa á rẹ́ títí láé, á fi ti inú ìwé rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀fúnṣọlá ṣubú lẹ́nu odi. Ohùn kan sì ké láti òkèèrè, ó wúkọ́ díẹ̀, ó tún ké. Ìyá Fèyí ta gìrì. Ògúndíran ni! Fìlà rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé lára ògiri.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ọmọ Ògúndíran, dìde!"

Omijé bọ́ lójú obìnrin náà, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ yọ̀. Fèyí ti fajú ro.

"Kí nìyí? Ta ni Àwẹ̀ró? Kò sí Àwẹ̀ró kankan nínú ìwé! Bàbá oníkọ́ wo tiẹ̀ nìyí?"

Kí ìyá tó lanu, Fèyí ti tẹ bọ́tìnì. Ògúndíran pòórá. Ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ló wá dúró síbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀fúnṣọlá, dìde." Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún Fèyí.

Ìyá sáré bá Dókítà lẹ́yìn ògiri, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Ẹ dá ọkọ mi padà sórí ọmọ mi!"

Dókítà kò lè gbójú sókè. "Màmá, àwòkọ là ń wá. Àṣé kíkó ni ẹ̀rọ ń kó ojú àti ohùn kúrò lórí ẹni. Ẹ̀yìn ìgbà tó ṣe tán la tó mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́?"

"Mo rò pé yóò kúkú máa rí wọn nínú fíìmù."

"Ó ti pa á rẹ́ báyìí ńkọ́?"

Ìyá padà sórí àga rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó fẹnu sétí ọmọ rẹ̀, ó sì fi tipátipá pe ohun tí ẹnu rẹ̀ kò gbé látọjọ́ yìí. "Àwẹ̀ró."

Fèyí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Màámi? Mo ti yọ ìyẹn kúrò."

"Bàbá rẹ ni, Fèyí. Bàbá rẹ ló ń pè ọ́."

Ẹ̀rín kú lójú ọmọ náà. Ó mọ̀ pé òun ní bàbá. Ó dijú, ó wá a lọ́kàn, ó wá a.

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un: èjí, fìlà, ikọ́, bó ṣe máa ń sán bí àrá lórí ẹní. Fèyí, tó máa ń rí ewé igi inú ìwé lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe ń mì, dijú pa, ó tẹ́tí sílẹ̀ títí ìyá fi sọ̀rọ̀ tán.

"Mi ò rí wọn, Màámi," ló wí. "Ẹ tún un sọ. Mi ò rí ẹnì kankan."