Rọ́bà Kékeré Tó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Ìyá ti wọṣọ. Ó jókòó sórí àga níwájú ilé, ó gbé àpò tí ìgò oògùn ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lé itan. Àkọ́bí rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Káfíńtà, ń fi àkísà nu gíláàsì iwájú ọkọ̀, ó ń nù ún bí ẹni ń dán àga tuntun.

"Ìwọ yìí," ni Ìyá wí, "ṣé ojú ọkọ̀ la fẹ́ lọ tọ́jú ni, àbí ojú mi?"

"Màámi, ẹ ní sùúrù. A ò ní pẹ́."

Ojú ọ̀tún Ìyá ti fọ́ tipẹ́. Èyí tó kù, agbára omi inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó sì ń tẹ iṣan tó fi ń ríran. Dókítà ti sọ fún wọn láìfi bò pé bí wọn kò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ láti dín agbára omi náà kù, ìríran tó bá lọ kò ní padà mọ́. Ọ̀nà jíjìn ni dókítà náà ti ń wá sí ilé ìwòsàn tó wà lórí òkè. Bó bá ti lọ, ó di ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó tún rí i. Àárọ̀ ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n dá fún Ìyá.

Bàbá wọn ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó tó kú. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, irú èyí tó ń pààrọ̀ gíá fúnra rẹ̀, tí awakọ̀ kì í tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bọ̀rọ̀kìnní ni Bàbá sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n sin Bàbá tán, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì fẹnu kò pé ọwọ́ àjèjì kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Bọ̀rọ̀kìnní láéláé. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi àjèjì ṣe? Mẹkáníìkì ni àbúrò Káfíńtà. Káfíńtà sì fọkàn tán àbúrò rẹ̀ yìí bí èèyàn ṣe ń fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá wọ ọkọ̀ tán, Káfíńtà fi í sí rìfáàsì. Ọkọ̀ dúró bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà ló fò sẹ́yìn lójijì, àpò Ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

"Ta ló ń lé wa?" Ìyá bèèrè.

Láti ìgbà tí àbúrò ti pààrọ̀ rédíétọ̀ ọkọ̀ náà, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, ni nǹkan wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà díẹ̀, òórùn kan á máa jáde bí ìgbà tí ṣúgà bá jóná nídìí ìkòkò. Káfíńtà ti sọ ọ́ títí. Ohun tí àbúrò rẹ̀ ń sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ti dàgbà ni. Ṣé orúnkún tiyín náà kì í dún bí ẹ bá fẹ́ dìde?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, òórùn yẹn tún dé. Ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Káfíńtà dúró, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Òórùn yẹn ti tún bẹ̀rẹ̀ o. A sì ń gbé Màámi lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Ẹ wo abẹ́rẹ́ ooru tó wà níwájú yín. Ṣé ó ti gòkè?"

"Rárá. Àárín ló wà."

"Ẹ máa lọ jàre, ọkọ̀ ò gbóná. Ẹ bá mi kí Màámi."

Káfíńtà gùnkè. Kò tíì dé ìdajì tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò yára. Bó ṣe ń tẹsẹ̀ mọ́ ọn tó ni ariwo ń pọ̀ tó, táyà kò sì yí ju bó ṣe ń yí lọ. Nígbà tó yá, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó pe àbúrò rẹ̀, fóònù ń dún, kò gbé e. Ó tún pè é. Kò gbé e.

Awakọ̀ kan tó kó búlọ́ọ̀kù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé ìyá yìí débi tí wọ́n ń lọ. Àyè wà níwájú."

"Ẹ ṣeun. Ọkọ̀ yìí máa tó gbéra."

"Ọmọ yìí," ni Ìyá wí, "jẹ́ kí n máa lọ."

"Màámi, Bọ̀rọ̀kìnní ò ní já wa kulẹ̀."

Awakọ̀ náà mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Lóòótọ́, nígbà tí ara ọkọ̀ tutù díẹ̀, ó gbéra. Inú Káfíńtà dùn. "Ṣé ẹ rí i? Àbúrò mi mọṣẹ́!" Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti abẹ́ ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bó ti fi gíá síwájú ni, bó ti fi sẹ́yìn ni, ọkọ̀ kò mira. Oòrùn ti mú gan-an kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn.

Nọ́ọ̀sì tó pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n jókòó. "Ẹ pẹ́ jù, Bàbá. Dókítà dúró dè yín títí. Ó ti lọ."

Ìyá di àpò oògùn rẹ̀ mú.

Ọkọ̀ tó fa Bọ̀rọ̀kìnní sọ̀ kalẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún gíá ṣe, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Fọwọ́kàn-án-wò. Ó dun Káfíńtà pé ọwọ́ àjèjì máa wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kò tíì gbé fóònù.

"Kí ló ṣe ọkọ̀?" Fọwọ́kàn-án-wò bi í.

"Mi ò mọ̀. Kò kúkú gbóná. Abẹ́rẹ́ iwájú ò kúrò láàárín."

Fọwọ́kàn-án-wò bú sẹ́rìn-ín. "Omi ẹ́ńjìnnì ni abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣọ́. Kò mọ nǹkan kan nípa gíá. Bí ibà bá mú yín, ṣé ara aládùúgbò yín ni wọ́n á lọ wọ̀n?"

Ó fa géèjì gíá, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì rẹ̀, yọ, ó fi aṣọ funfun nu ún, ó nà án sí Káfíńtà. "Pupa ló yẹ kí ọ́ìlì yìí jẹ́, bí gíláàsì iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ wo tiyín."

Dúdú ni. Òórùn ṣúgà tó jóná yẹn ló kún inú aṣọ náà.

"Ṣé kò pẹ́ kó tó mú gíá láàárọ̀?"

"Ó ń pẹ́."

"Ẹ́ńjìnnì ń ké lórí òkè, ọkọ̀ ò lọ. Bó bá tutù, á tún rìn díẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Gíá yín ń jóná ni. Ṣùgbọ́n kí n tó dá gíá lẹ́bi, mo máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ti ń tutù." Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ ń jáde látìsàlẹ̀. "Páìpù méjì ló ń jáde lára gíá. Ọ̀kan ń gbé ọ́ìlì gbígbóná lọ sí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ kó lè tutù, èkejì ń gbé e padà. Háà! Bàbá, ẹ wá wo nǹkan."

Káfíńtà dùbúlẹ̀ sórí páálí, ó rá wọlé.

"Rédíétọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ yín. Ti ọkọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ pààrọ̀ gíá rẹ̀ ni. Kò ní ojú tí páìpù máa wọ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ wá fi rọ́bà so ẹnu páìpù méjèèjì pọ̀. Ọ́ìlì ń gbóná jáde, ó ń gbóná padà. Rọ́bà náà ò tiẹ̀ lè fara da ooru, ó ti ń wú, ó sì ti ń jò."

Káfíńtà tẹjú mọ́ rọ́bà náà. Rọ́bà aláwọ̀ ewé ni, ìlà yẹ́lò kan wà lára rẹ̀. Irú rẹ̀ ló so mọ́ ẹ̀rọ tó fi ń fọ́n fáníìṣì sára àga ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rántí ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé rọ́bà díẹ̀ fún mi, mo fẹ́ fi fa omi." Ọ̀bẹ òun fúnra rẹ̀ ló fi gé e. Ó tiẹ̀ bi í pé ṣé ó gùn tó.

"Ẹ mọ ẹni tó ṣe é?" Fọwọ́kàn-án-wò bèèrè.

"Ìyá kan náà ló bí wa."

Fọwọ́kàn-án-wò pa tọ́ọ̀ṣì. Kò dápàárá mọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní ká ní wọ́n gbé e wá nígbà tí òórùn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, rédíétọ̀ tó tọ́ àti ọ́ìlì tuntun ì bá tó o. Àwọn àwo inú gíá, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, ti jóná báyìí.

Orí iṣẹ́ ni Káfíńtà bá àbúrò rẹ̀. Ó ju rọ́bà tí wọ́n tú lábẹ́ ọkọ̀ sórí tábìlì, síwájú rẹ̀. Àbúrò wò ó, ó sì dorí kodò.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá rédíétọ̀ tó tọ́, mi ò rí i. Mo sì ti lérí fún yín pé ọkọ̀ máa jáde lọ́jọ́ yẹn. Ojú tì mí. Mo ní màá padà tún un ṣe."

"O ò padà."

"Ọkọ̀ ń rìn..."

"Mo sọ òórùn fún ọ, o fi orúnkún mi ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo pè ọ́ láàárọ̀ yìí, o ní kí n wo abẹ́rẹ́. Ìwọ mẹkáníìkì, o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn ò lè sọ ọ́."

"Mi ò mọ̀ pé ó máa le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

"O ní kí n bá ọ kí Màámi. O mọ̀ pé ó wà nínú ọkọ̀."

Káfíńtà mú rọ́bà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí dókítà fi padà wá, ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó dín agbára omi kù, ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ kò padà. Òjìji ni Ìyá ń rí báyìí, ìyẹn bí èèyàn bá dúró síbi ìmọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé, àbúrò wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ìyá yíjú síbi ẹsẹ̀ tó gbọ́.

"Ta nìyẹn? Káfíńtà ni, àbí mẹkáníìkì mi?"

Káfíńtà dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó rí omijé lójú àbúrò rẹ̀, kò sì bá a dá Ìyá lóhùn. Kò dárí jì í títí di òní. Ṣùgbọ́n bó bá ku òun nìkan ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù tí àyè wà níwájú rẹ̀ ló máa ń rántí, kò sì rí ẹni tí ó máa bínú sí lórí ìyẹn.

Ìwọ tó ń wa ọkọ̀ àtijọ́, bí gíá rẹ bá ń pẹ́ kó tó mú, tí o bá ń gbọ́ òórùn jíjóná, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí ọkọ̀ ò lọ, má wo abẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnnì kí o sì fi ìyẹn tu ara rẹ nínú. Dúró. Bó bá tutù tó tún rìn, ìyẹn kọ́ ni ìwòsàn. Ní kí wọ́n wo àwọ̀ ọ́ìlì gíá, kí wọ́n sì fi ibi tí ọ́ìlì náà ti ń tutù hàn ọ́ kí o fojú ara rẹ rí i. Bí ọmọ ìyá rẹ ló bá tún ọkọ̀ ṣe, jẹ́ kí ẹlòmíràn náà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbé aláìsàn rẹ lọ, jẹ́ kó gbé e lọ. Ìwọ mẹkáníìkì, bí o kò bá rí èyí tó tọ́, sọ pé o kò rí i. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Ti àbúrò Káfíńtà ṣì ń bá a jókòó sílé bí Ìyá tí kò rí i mọ́, ó sì ń bi í pé ta ni.