Ohun Tí N Kò Bá Lè Sọ Lójú Rẹ

Òjò ọ̀sán ń rọ̀ ní Sábó bí ẹni pé ojú ọ̀run ya, ọkùnrin kan sì ń bọ̀ lẹ́bàá títì. Kò sáré, kò wá ibi sá sí. Ó fi jígí dúdú bojú, ó sì gbá ìwé gbọọrọ kan tí wọ́n ká mọ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù bí abiyamọ tó gbé ìkókó. Ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, omi ń kán ní imú rẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ni kò tutù.

Mabel Làbákẹ́ Ọlápàdé ń wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan tó yà sí. Nígbà tí ọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn wá bá a níbẹ̀, kò lè pa á mọ́ra.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Irú ìwé wo lẹ gbé tó ṣe pàtàkì ju ara yín lọ?"

"Ilé onílé ni," ọkùnrin náà dáhùn. "Pílánù ni. Bí omi bá wọ̀ ọ́, ilé á wó kí wọ́n tó kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ jígí kí ó lè nu ojú. Làbákẹ́ fò sẹ́yìn. Ojú méjèèjì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àpólò! Ọdún 1975 ni, àrùn ojú yẹn sì tún ti gba Yábàá àti Mushin kan.

"Ẹ má wò mí! Ẹ kọjú sọ́hùn-ún!"

"Wọ́n ní kì í ṣe wíwò ló ń kó o ran èèyàn."

"Lọ́yà ni mí o. Bí mo bá kó o, màá pè yín lẹ́jọ́."

Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà fìyà jẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí. Ó kéré tán, màá tún rí yín ní kóòtù."

Ẹ̀rín pa Làbákẹ́. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìgò oògùn ojú kékeré kan jáde. Iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú ló ń kó o wọ̀lú láti òkè òkun, wọ́n sì ti pín díẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn nígbà tí Àpólò dé.

"Ẹ máa kán an sójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ó bá tán, mo ṣì ní òmíràn."

Abọ́dúndé lorúkọ ọkùnrin náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Yábàá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìgò náà.

Lóòótọ́, lọ́yà ni Làbákẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti kóòtù. Inú iléeṣẹ́ oògùn yẹn ló ń jókòó sí, tó ń bá wọn kọ àdéhùn, tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, tó ń fèsì sí ìwé tó bá le. Òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọ̀gá. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, wọ́n ní kó kọ ìwé tí wọ́n fi máa dá obìnrin kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ ọ́, ìwé náà dán mọ́rán. Àfi bí obìnrin náà, Fàósátù, ṣe mú un wá bá a lọ́jọ́ kejì. Kò mọ̀wé, ó ní kí Àǹtí Lọ́yà jọ̀ọ́ bá òun kà á. Làbákẹ́ la ẹnu, ohùn kò jáde.

Láti ìgbà náà ló ti ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ láràárọ̀ níwájú dígí, bó bá ń ya irun: *Ohun tí n kò bá lè sọ lójú ènìyàn, n kò ní kọ ọ́ sí i.*

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lucy, tó jẹ́ lọ́yà iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì kan ní Yábàá, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: *Iṣẹ́ kì í ṣe ìyekan.*

"Tìrẹ yẹn dùn létí," Lucy a máa wí bí wọ́n bá jọ ń jẹun ní Sátidé, "ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí o pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi kì í gbé iṣẹ́ délé, mi kì í sì í gbé ọkàn lọ sí ọ́fíìsì."

Làbákẹ́ a fi í rẹ́rìn-ín. Kò tíì sí ohun tó dán tirẹ̀ wò.

Abọ́dúndé wá a dé Ìlúpéjú. Ó ní òun wá dá ìgò òfìfo padà. Làbákẹ́ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń dá ìgò oògùn padà. Ó fún un ní òmíràn, ó sì jẹ́ kó sin òun dé ìdí bọ́ọ̀sì. Láìpẹ́, ó di pé wọ́n jọ ń fẹsẹ̀ rìn láti Yábàá lọ sí Súrùlérè nírọ̀lẹ́. Abọ́dúndé á máa tọ́ka sí ilé lọ́tùn-ún lósì, á máa sọ ibi tí bíríkìlà ti kọ etí dídi sí pílánù.

"Ní ilé tiwa," ó wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "fèrèsé máa pọ̀ gan-an."

"Ta ni tiwa?"

"Èmi àti lọ́yà tó fẹ́ pè mí lẹ́jọ́."

"Ayàwòrán, ẹnu rẹ dùn jù. Ẹjọ́ rẹ ti fẹ́ di méjì."

Ìfẹ́ wọn gbilẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò san. Ti ọ̀tún kọ́kọ́ mọ́. Lórí ẹyinjú òsì, ohun funfun kan ń yọ bí ìkùukùu. Làbákẹ́ rò pé kì í kán an dáadáa ni. Nígbà tó bá lọ kí i ní Mushin, á gbé orí rẹ̀ lé itan, á fi ìka la ìpéǹpéjú rẹ̀, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kán oògùn náà sí i. Abọ́dúndé á di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ń ta mí," á wí. "Má ṣíwọ́, Làbákẹ́ mi." Nígbà tó yá, ọ̀tún náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Bàbá Làbákẹ́, Jethro Ọlápàdé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìjókòó rẹ̀ kì í ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá.

"Mo rán ọmọ mi lọ kọ́ òfin," wọ́n wí, "kó wá lọ fẹ́ ọmọ ìyá tó ń ta abọ́ ní Mushin?"

Làbákẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sunkún. Wọ́n gbà níkẹyìn pé kí ìdílé Abọ́dúndé wá rí àwọn bí ọdún bá yí.

Kérésì ku díẹ̀ nígbà tí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé, pe Làbákẹ́ wọ ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

"Àwọn kan láti Oto àti Mushin ń kọ̀wé sí wa. Wọ́n ní oògùn ojú wa ń fọ́ àwọn lójú. Fèsì fún wọn pé kò sí àbùkù kankan nínú oògùn wa."

"Ṣé kò sí lóòótọ́, sà?"

Ọ̀jẹ̀túndé wo ojú fèrèsé. "Ṣé o rí bí ọkọ̀ ṣe tò lọ súà lójú òkun ní Àpápá, tí wọn ò ríbi gúnlẹ̀ sí? Inú ọ̀kan nínú wọn ni oògùn yẹn wà fún ọ̀pọ̀ oṣù, nínú ooru. Ibi tútù ló sì yẹ kó wà. Ó ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì tà á?"

"Iléeṣẹ́ mọ̀. Ìwọ náà ti mọ̀ báyìí. Ohun tí oníbàárà bá sọ fún lọ́yà, inú lọ́yà ló ń kú sí. Àbí mo purọ́?"

Wọn kò purọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé òfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n Làbákẹ́ kò gbọ́ ìyókù. Orí Abọ́dúndé ló ń rí lórí itan ara rẹ̀, àti ìka ara rẹ̀ tó ń la ìpéǹpéjú.

Kò dágbére. Ó gba takisí, ó di Mushin. Ìyá Abọ́dúndé, Àṣàbí, ń to abọ́ tánganran níwájú ilé. Làbákẹ́ kí wọn láìdúró. Nínú yàrá, Abọ́dúndé ti gbé ojú sókè, ó sì ti gbé ìgò náà sókè ojú. Làbákẹ́ gbá a lọ́wọ́. Ìgò fọ́ sílẹ̀.

"Làbákẹ́! Kí ló dé?"

"Má lò ó mọ́. Dìde, ká lọ sọ́sibítù."

"Oògùn tí ìwọ fúnra rẹ fún mi?"

"Má bi mí. Mo bẹ̀ ọ́, má bi mí."

Abọ́dúndé yíjú sí i. Ó ń wá ojú rẹ̀ nínú kùrukùru tó bo ojú tirẹ̀. "O mọ nǹkan kan. Dúró síwájú mi kí o sọ ọ́."

Làbákẹ́ mọ ohun tí òfin iṣẹ́ rẹ̀ wí. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, kò ní sí ọ̀rọ̀ kan tí òun tún máa lè bá ọkùnrin yìí sọ títí ayé.

"Oògùn náà ti bàjẹ́ látojú òkun. Wọ́n mọ̀, wọ́n tà á. Òní ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fún ọ, ọwọ́ mi ló sì ń kán an sí ọ lójú."

Abọ́dúndé kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fi ọwọ́ wá etí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó.

"Ìyá mi á mú mi lọ sọ́sibítù," ó wí. "Ìwọ, máa lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Làbákẹ́ dúró níwájú Ọ̀jẹ̀túndé. "Mi ò ní kọ ọ́, sà." Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlera lọ, ó sọ ohun tó mọ̀. Wọ́n kó èyí tó kù nínú oògùn náà kúrò lọ́jà. Ìyẹn nìkan ni rere tó ti inú rẹ̀ jáde. Iléeṣẹ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn àgbà nínú iṣẹ́ lọ́yà pé ó tú àṣírí oníbàárà, wọ́n sì ní kó ṣì jókòó sílé ná. Kò sí iléeṣẹ́ tó tún fẹ́ gbà á. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ mọ́.

Lucy wá kí i. Ó gbé oúnjẹ Sátidé wọn wá, wọ́n jọ jẹ ẹ́. "Mi ò lè ṣe ohun tí o ṣe yìí láéláé," ó wí níkẹyìn. "Mi ò mọ̀ bóyá kí n yìn ọ́ ni àbí kí n káàánú rẹ."

Ní ọsibítù, ojú òsì Abọ́dúndé lọ pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ni ọ̀tún ń rí. Iṣẹ́ àwòrán bọ́. Nígbà tí Làbákẹ́ lọ sí Mushin, Àṣàbí dí ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ mi ò fẹ́ rí ọ," wọ́n wí. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu àwọn fúnra wọn jáde, wọ́n sì bú sẹ́kún. Làbákẹ́ náà dúró síbẹ̀, ó ń sunkún, kò sì sí ẹni tó rẹ ẹnì kejì lẹ́kún.

Níwájú dígí láràárọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò wá sẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ti sọ òótọ́ lójú ẹni. Kí ló rí níbẹ̀? Ojú kò là, iṣẹ́ kò sí, olólùfẹ́ kò sí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò ya irun rárá.

Síbẹ̀, nígbà tó rí iṣẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Ojúẹlẹ́gba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Mushin ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Kò kan ilẹ̀kùn. Á kúnlẹ̀ kí Àṣàbí, á jókòó sórí pèpéle, á bá wọn nu abọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyá náà kì í dáhùn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n gbé àpótí kan síta kí ó lè jókòó dáadáa. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọjọ́ kan, Àṣàbí lọ kí aládùúgbò. Abọ́dúndé fọwọ́ tọ ògiri jáde sí pèpéle. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

Làbákẹ́ gbójú sókè. "Ṣé o mọ̀ pé mò ń wá ni?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo mọ ikọ́ rẹ."

"Kí ló dé tí o kò lé mi?"

"Mò ń retí kó sú ọ. Bó bá sú ọ, màá lè kórìíra rẹ tán, ara á sì tù mí." Ó wá ògiri, ó fi ẹ̀yìn tì í. "Kò sú ọ."

"Kò sú mi."

"Làbákẹ́, mi ò tíì dárí jì ọ́. Mo ti gbìyànjú. Láràárọ̀ tí mo bá jí tí ilẹ̀ ò mọ́ fún mi, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń rántí, inú á sì bí mi. Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ọ́mọ̀. Ìbínú ò gbọ́. Nígbà tí ọkàn mi bá sì rọ̀, ìwọ náà ni mo tún ń rántí. Ó ti rẹ̀ mí." Ó na ọwọ́ síwájú. "Bí mo bá máa dárí jì ọ́, mi ò fẹ́ ṣe é láti òkèèrè. Wá fẹ́ mi."

Làbákẹ́ fi abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bí o kò bá wá lè dárí jì mí láéláé ńkọ́?"

"A jẹ́ pé a ó jọ darúgbó sídìí rẹ̀."

Làbákẹ́ dìde, ó lọ dúró síwájú rẹ̀ gan-an, níbi tí òjìji rẹ̀ ti lè hàn sí i. "Màá fẹ́ ọ," ó wí.

Ìgbéyàwó ọ̀hún kò ní ariwo. Bàbá Làbákẹ́ kò wá. Ìyá rẹ̀ nìkan wá, wọ́n pẹ́ dé, ojú wọn sì pọ́n fún ẹkún. Lucy ṣe ẹlẹ́rìí. Àṣàbí mú ọmọ wọn lọ́wọ́ dé iwájú tábìlì akọ̀wé ìgbéyàwó ìjọba, wọ́n fi ọwọ́ náà lé Làbákẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Yàrá méjì ní Mushin ni wọ́n ń gbé. Abọ́dúndé kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun àga. Nígbà tí àwọn àgbà iṣẹ́ lọ́yà gbà kí Làbákẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé tábìlì kan sí iwájú ilé, ó ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò ní lọ́yà.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ mìíràn wà tí Abọ́dúndé á jí, á kọjú sí ògiri, kò ní dá a lóhùn. Làbákẹ́ á gbé tíì síbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò ní sọ̀rọ̀, kò sì ní jáde, títí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí aṣọ. Àwọn àárọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tán láàárín wọn. Àárọ̀ bẹ́ẹ̀ kan kàn ń jìnnà sí èkejì díẹ̀díẹ̀ ni.