Ọwọ́ Tó Tètè Sọ̀ Kalẹ̀

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2019, Wilf Raistrick kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ó ti fi ọdún mẹ́rìnlélógójì tọ́jú ẹṣin eré ìje ní ìlú Aysthorpe, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú, opó rẹ̀ pe Bryony, ọmọ ọmọ wọn, wá sí ilé ìdáná, ó sì gbé ìwé àjákọ aláwọ̀ ewé kan lé e lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni Wilf kọ àwọn àkànlò èdè tí àwọn ará ilẹ̀ wọn mú láti inú eré ìje sí: ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀, ìtumọ̀ wọn, àti bí a ṣe ń lò wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ Bryony ń múra ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ nígbà náà. Olúkúlùkù ọmọ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí èdè tó ti inú iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ jáde, Bryony sì ti ṣèlérí fún bàbá àgbà lórí ibùsùn àìsàn pé òun yóò gbé ìwé náà síwájú ará ìlú.

"Kà á tán o," ni ìyá àgbà wí. "Bàbá ò sọ pé kí o kà á dé ìdajì."

Bryony ka ojú ewé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Níbẹ̀ ló ti rí i pé bí ẹṣin méjì bá ń sáré tí ọrùn wọn dọ́gba, wọn a ní ó di ọrùn kan ọrùn, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ẹni méjì tó ń du ipò kan náà. Ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ agbára rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹṣin dúdú. Ẹni tó bá kánjú, wọn a ní ó ṣáájú ìbọn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré sísá.

Láti ojú ewé kejìlélọ́gbọ̀n ni ìkọ̀wé náà bàjẹ́. Orí ibùsùn ni Wilf ti kọ ìyẹn. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n ni lẹ́tà ń gbọ̀n. Bryony pa ìwé náà dé. Ó ní òun yóò padà sí i.

Nínú ìdíje àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn ní máàkì. Fún àṣekágbá ní gbọ̀ngàn ìlú, ó ku òun àti Kezia, ọmọ olùṣọ́-màlúù tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Jodie, ọ̀rẹ́ Bryony tí wọ́n jọ ń gbá ilé ẹṣin, fi Kezia rẹ́rìn-ín.

"Kezia tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ bàtà ara ẹ̀? Jọ̀wọ́, gbé ṣọ́bìrì ẹ, iṣẹ́ yẹn ti parí."

Bryony náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gbé ìwé náà sínú àpò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún yọ ọ́ jáde láìṣí i. Nígbà tí ìyá àgbà bi í bóyá ó ti kà á tán, ó ní òun ti kà á tán. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìdíje pé ní gbọ̀ngàn ìlú. Ìyá àgbà jókòó níwájú nínú ẹ̀wù òtútù dúdú; ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jáde láti ọjọ́ ìsìnkú. Bryony sọ̀rọ̀, ó já geere, àwọn èèyàn sì ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni adájọ́, obìnrin kan tó ti dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ pápá eré ẹṣin, bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: wọ́n máa ń sọ nípa ẹni tó borí láìlàágùn pé ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ borí, níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Bryony mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń lò ó. Ó tún mọ ibi tí ìdáhùn wà: lẹ́yìn ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n, níbi tí kò kà dé.

"Láti ọ̀dọ̀ àwọn akànṣẹ́ ni, Mà," ló wí. "Ẹni tó ti borí kì í fi ọwọ́ bo ojú mọ́."

Àwọn àgbà olùtọ́jú ẹṣin tó wà láàárín èrò wo ilẹ̀. Ìyá àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Kezia fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn pé ọ̀dọ̀ agẹṣin ló ti wá: bó bá rí i pé kò sẹ́ni tó lè bá òun mọ́, á sọ ọwọ́ kalẹ̀, á dẹ ìjánu, ẹṣin á sì parí eré fúnra rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Wilf ló sọ fún mi," ló fi kún un. "Èmi ni mo máa ń gbé wàrà lọ fún wọn nígbà tára wọn ò yá. Mo béèrè ni."

Máàkì kan ni Kezia fi borí.

Nílé, ìyá àgbà kò pariwo.

"O ní o ti kà á tán."

"Irọ́ ni mo pa, Màmá àgbà. Ìkọ̀wé yẹn ń bà mí lẹ́rù. Mo sì rò pé mo ti borí."

"Jókòó. Kà á sókè."

Ó kà á. Ní ojú ewé kọkàndínlógójì, Wilf kọ ọ́ pé: "Ọdún 1961, agẹṣin ni mí. Ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ kí n dé òpó ìparí, n kò gbọ́ pátákò ẹṣin kankan lẹ́yìn mi, mo sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹṣin kan yọ lábẹ́ apá mi, ó fi ìwọ̀n ọrùn kan ṣáájú mi dé òpó. Kò sẹ́ni tó tún gbé mi gun ẹṣin ìje mọ́. Bó ṣe di pé mo ń gbá ilé ẹṣin nìyẹn. Má sọ ọwọ́ kalẹ̀ kí o tó kọjá òpó."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyìn ẹnu èèyàn kò parí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó sì ní òun ti ṣe ohun tí òun kò ṣe, iwájú ìjọ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Bryony mọ èyí báyìí.

Àwọn ohun tí Wilf Raistrick fi sílẹ̀ nìyí: fìlà pẹlẹbẹ kan, bàtà ilé ẹṣin kan tí ẹrẹ̀ gbẹ sí lára, awò ojú tí wọ́n fi òwú so apá rẹ̀ kan, ìyàwó rẹ̀, àti ìwé àjákọ olójú ewé ogójì, tí kò sí nǹkan kan nínú ojú ewé rẹ̀ tó kẹ́yìn ju orúkọ Bryony lọ, tí àyè tó kù sì ṣófo de ìkọ̀wé tirẹ̀.