Ìwé Ẹ̀jẹ̀ tí Sìmbíátù Gbé Pamọ́

“Ìwọ lo pa ti àkọ́kọ́. Bí èyí náà bá kú, ìwọ náà ni.”

Báyìí ni Sìmbíátù sọ fún Zulfah, ìyàwó àbúrò rẹ̀, lójú gbogbo obìnrin agbolé wọn ní Ẹdẹ, lọ́jọ́ kẹsàn-án tí Zulfah bí ọmọkùnrin rẹ̀ kejì. Ojú ọmọ náà ti pọ́n rúsúrúsú, kò sì mú ọmú láti àárọ̀.

Láti ọdún méjì tí ọmọ àkọ́kọ́ ti kú ni nǹkan kan ti kú nínú Zulfah, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó kú tipiri. Wọ́n bú u, kò dùn ún. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, kò dùn ún. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó bọ́ sójú títì, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwòsàn. Sìmbíátù ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Sìmbíátù í ṣe. Òun ni ẹ̀gbọ́n Salman, ọkọ Zulfah. Ó kọ ọkọ ní Awo, ó kó ẹrù padà sí agbolé bàbá rẹ̀, ó sì sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí ilé àbúrò rẹ̀. Salman ń ta sìmẹ́ńtì ní Sekona, kì í sì í sí nílé lójúmọmọ, nítorí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wí ni abẹ gé. Nígbà tí Zulfah bí ọmọ àkọ́kọ́, Sìmbíátù ló kó aṣọ funfun jáde nínú àpótí rẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ ni ojú ọmọ náà pọ́n. Ọjọ́ kọkànlá ló kú. Kí àwọn ọkùnrin tó ti ibi ìsìnkú dé, Sìmbíátù ti ń sọ fáwọn obìnrin pé Zulfah kọ̀ láti fún ọmọ ní àgbo tí òun sè, pé obìnrin olóríkunkun ni ọmọ í kú mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Salman pàápàá gbà á gbọ́. Kò lu ìyàwó rẹ̀, kò bú u. Ó kàn dẹ́kun àtimáa wò ó lójú.

Nígbà tí Zulfah tún lóyún, ó bá dókítà kan pàdé níbi ìtọ́jú aláboyún, Mojọlá lorúkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣèwádìí lórí ibà pọ́njú tó ń pa àwọn ìkókó. Wọ́n fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe lè tètè dá ọmọ tó wà nínú ewu mọ̀, kí ojú rẹ̀ tó pọ́n rárá. Wọ́n ń bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i. Sìmbíátù ní ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ fi dán nǹkan wò. Zulfah gbọ́ ọ, ó sì tọwọ́ bọ ìwé. Láàárín ọdún méjì, ohun kan ṣoṣo tó ṣe láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Bó ṣe sọ ọmọ kalẹ̀ níwájú Mojọlá lọ́jọ́ náà, dókítà tú aṣọ tí wọ́n fi yí i. Ó gbé aṣọ náà sí imú.

“Ìyá Ìkókó, ta ló fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ yìí?”

Zulfah ní òun ò fi kánfọ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ló kó aṣọ àti ìrọ̀rí wá. Mojọlá bi í bóyá kò rí ìwé èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ karùn-ún. Ó ní òun ò rí ìwé kankan. Nọ́ọ̀sì Ruth, ẹni tó gbé ìwé náà lọ sílé wọn, ṣí ìwé tó fi ń gba ìbuwọ́lùwé. Ó ní obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ìyá Zulfah ló gbà á, pé Zulfah ń sùn nígbà náà, àti pé òun ṣàlàyé yékéyéké fún obìnrin ọ̀hún pé kánfọ̀ ò gbọdọ̀ súnmọ́ ọmọ náà.

Zulfah wo ìbuwọ́lùwé náà. Ìyá tirẹ̀ ti kú kó tó lọ sílé ọkọ. Orúkọ Sìmbíátù ló wà níbẹ̀.

Wọ́n tẹ́ ọmọ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù. Nígbà tí ìyẹn ò tó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Zulfah jókòó síta, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan, kò gbàdúrà sókè, kò sunkún. Ó ń ka àwọn táìlì ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni Salman bá a. Sìmbíátù náà dé, ó mú Bàbá Afọlábí, olórí agbolé, dání, kí bàbá lè wá bá ìyàwó wí. Mojọlá kó gbogbo wọn wọ yàrá kan, ó sì là á yé wọn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jẹ́ irú èyí tí kò lè kojú kánfọ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin nílẹ̀ yìí ló ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá wọn, wọ́n á sì dàgbà bí a bá mọ ohun tí a ó máa yẹra fún. Ó ní bí wọ́n ṣe ròyìn ikú ti àkọ́kọ́, ó jọ pé ohun kan náà ló pa á.

Salman yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Àǹtí mi, ẹ gba ìwé?”

Sìmbíátù ní òun ò gba ìwé, irọ́ ni. Nọ́ọ̀sì Ruth wọlé, ó kí i, ó ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Ẹ̀yin lẹ fún mi lómi tútù lọ́jọ́ yẹn.” Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nígbà tí Sìmbíátù máa sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

“Mo gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì yìí wí lọ́jọ́ yẹn. Mo wá rántí aṣọ tí mo kó fún ti àkọ́kọ́, kánfọ̀ ló kún inú àpótí yẹn. Ṣé kí n wá gbà pé èmi ni mo pa ọmọ àbúrò mi? Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo fi kánfọ̀ sáàárín aṣọ àti ìrọ̀rí èyí, kí n lè fojú ara mi rí i pé kò ní í ṣe é ní nǹkan kan.”

Ẹ gbọ́ o. Nítorí kí ẹ̀bi má baà mọ́ ọn lórí, ó fi ẹ̀mí ìkókó ta tẹ́tẹ́.

“Ti àkọ́kọ́, àìmọ̀ ni,” Bàbá Afọlábí wí. “Ọlọ́run á forí ìyẹn jì ọ́. Èyí ńkọ́?”

Bàbá ní oòrùn Jímọ̀ kò gbọdọ̀ bá Sìmbíátù nínú agbolé náà. Kò bá a níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń bá a gbé ọ̀rọ̀ Zulfah kiri, kò sẹ́nì kan tó bá a gbé àpò dé ìta. Ó padà sí Awo, ọkọ tó kọ̀ sílẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn fún un, ó wá gba yàrá kan láàárín àwọn àjèjì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Bàbá Afọlábí dìde nínú mọ́sálásí, tó sọ fún gbogbo ènìyàn pé Zulfah kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ikú ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni wọ́n gbé ọmọ wálé láàyè. Salman dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Zulfah wò ó títí.

“Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín,” ó ní. “Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.”

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó gbé ọmọ lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, torí ibà pọ́njú a máa sọ ọmọ mìíràn di adití. Etí rẹ̀ gbọ́ geerege. Mojọlá wá bẹ̀ ẹ́ pé, bí kò bá ni ín lára, kó sọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ fún òun, kó lè wà nínú ìwádìí náà. Zulfah sọ gbogbo rẹ̀ láìdúró, aṣọ, ọjọ́, bí ojú ọmọ ṣe rí, bí ẹni ń ka ìwé ẹlòmíràn.

Dókítà kọ ọ́ tán, ó dé bírò. “Ìwé wa kì í gba orúkọ, nọ́ńbà la máa ń kọ. Èmi ni mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kí lorúkọ rẹ̀?”

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò sẹ́ni tó béèrè.

“Zakariyah,” Zulfah wí. Ohùn ara rẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó tún un sọ, “Zakariyah ni,” ẹkún tí kò rí sun láti ọdún méjì sì dé. Mojọlá gba ìkókó lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè ráyè sun ún.