Ẹyin Tó Kù Nínú Ìtẹ́

Ilẹ̀kùn ilé adìyẹ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ralitsa gbé garawa omi sórí koríko tí ìrì ti mú tutù, ó sì dúró sójú kan. Àkùkọ kò kọ. Ṣaro, ajá wọn tó ti darúgbó, tí eyín ẹnu rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ mọ́, dùbúlẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ó ń wò ó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Kí ó tó wo inú rárá ni ó ti rẹ Ralitsa. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ sí ilẹ̀ Sípéènì láti máa tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíràn, tí orúnkún ìyá àgbà rẹ̀ sì ti kọ̀ kò tẹ̀ mọ́, òun ló ń pọn omi, òun ló ń la igi, òun ló ń tú adìyẹ sílẹ̀ láàárọ̀, òun náà ló ń tì wọ́n mọ́lé nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó ṣí ìwé. Ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ìwé girama àgbà tó wà ní ìlú ńlá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ṣùgbọ́n bó bá jókòó, ó ń mí kanlẹ̀ bí arúgbó.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú. Adìyẹ mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀ lánàá. Ó kà wọ́n, ó tún wọn kà: mẹ́sàn-án ló kù, gbogbo wọn ká jọ sórí igi òkè, wọn ò fọhùn. Iyẹ́ wà káàkiri ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sí ara pákó. Ẹyin inú ìtẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọ́, wọ́n ti lá inú wọn mọ́ tónítóní. Nínú ẹrẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ipasẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ hàn ketekete.

Kò nílò ẹni tí yóò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un. Nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tó ń da adìyẹ wọlé, Teya ọ̀rẹ́ rẹ̀ súfèé lẹ́yìn ọgbà.

"Ralitsa, jáde wá! Gbogbo wa ti wà níbùdókọ̀. Àbí wọ́n ti sọ ẹ́ sẹ́wọ̀n ni?"

"Mò ń bọ̀, jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn! Lọ fẹ́ adìyẹ kan nínú wọn, kó o kúkú bá wọn sùn níbẹ̀!"

Ralitsa rẹ́rìn-ín. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra, kò fi igi ìdábùú há a. Ó ní òun á padà wá láìpẹ́. Ó jókòó níbùdókọ̀ pẹ̀lú wọn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti bí oṣù méjì. Nígbà tó délé, orí ibùsùn ló ṣubú lé tòun ti bàtà. Igi ìdábùú wà nílẹ̀ níbi tó fi í sí.

Ohun tó bà á lẹ́rù jù lọ ni fóònù ọjọ́ Àìkú, tí ìyá rẹ̀ fi ń pè wọ́n láti Sípéènì. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ nígbà kan rí pé, "Ẹni tí kò bá lè bójú tó adìyẹ, ṣé ó lè dá gbé nílùú ńlá?" Bí Màmá Àgbà bá ròyìn èyí fún un, ilé-ìwé ìlú ńlá ti di àlá nìyẹn.

Ibẹ̀ ni èrò burúkú ti wọlé. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá iyẹ́ jọ, ó rì wọ́n mọ́ inú eérú. Ó kó èèpo ẹyin dà sínú ààrò. Ó fi omi garawa fọ ẹ̀jẹ̀, ó fi ọkọ́ ro ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà títí ipasẹ̀ fi parẹ́. Ó tẹ́ koríko gbígbẹ tuntun sínú ìtẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná, ó mú ẹyin mẹ́ta nínú agbọ̀n àná, ó fi èédú kọ àgbélébùú kékeré sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wọ́n sínú ìtẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti kọ́ ọ: a kì í kó ẹyin ìtẹ́ tán. Adìyẹ tó bá bá ìtẹ́ rẹ̀ lófìfo á lọ máa yé sínú igbó aládùúgbò. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kù, kí a sì fi èédú sàmì sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì sè é. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe èyí, orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ìgbà náà ló wá figbe ta: "Màmá Àgbà! Màmá Àgbà! Olè ti jà wá o!"

Gergina, ìyá àgbà rẹ̀, jáde pẹ̀lú ọ̀pá, ẹsẹ̀ kan lónìí, ẹsẹ̀ kan lọ́la. Ó wọ ilé adìyẹ. Ó wo ilẹ̀ tó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó na ọwọ́ sínú ìtẹ́, ó mú ẹyin kan, ó yí i lọ́wọ́, ó sì wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó nù ún mọ́ ara yẹ̀rì.

"Olè, àbí?"

"Olè ni, mà."

"O ti ilẹ̀kùn lánàá?"

"Mo tì í, mo sì fi ìdábùú sí i."

"Ó dáa," ni ìyá àgbà wí. Ó wo ọmọ náà lójú títí, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tó ti pẹ́. Ralitsa ní òun á pẹ́ dé ilé-ìwé.

Bàbá Tsvetan, aládùúgbò wọn, ti gbọ́ igbe. Ó ti fi àgbọ̀n lé orí ọgbà.

"Gergina, mélòó ni wọ́n kó?"

"Méje."

"Méje! Ta ló gba àdúgbò yìí kọjá lánàá? Ṣebí Asen oníirin ni! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ralitsa, o rí i àbí o ò rí i?"

Òtítọ́ ni pé Asen, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ra irin àlòkù kiri, gba ibẹ̀ kọjá. Ó tilẹ̀ dúró, ó bèèrè bóyá Màmá Àgbà á ta ààrò irin tó ti dógùn-ún nínú ọgbà.

"Mo rí i," ni Ralitsa wí. "Ó wo inú ọgbà wa."

"Ẹ gbọ́ o!"

"Tsvetan, má yára," ni Gergina wí. "Mo ní kó o má yára."

Ṣùgbọ́n Bàbá Tsvetan ti ń lọ. Arúgbó tí kò ní iṣẹ́ ṣe, bó bá rí olè mú, ó ti padà di ọ̀dọ́ nìyẹn.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ń gbé àwọn ọmọ bọ̀ wálé ní ọ̀sán, Sevda ni ó jókòó ti Ralitsa. Ọmọ Asen ni Sevda, orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò, òun ló sì ń fi sùúrù ṣàlàyé igun àti ìlà fún Ralitsa lójoojúmọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, èrò wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti dojú kẹ̀kẹ́ Asen délẹ̀. Ìkòkò jíjò, páìpù àti irin ọkọ́ fọ́n ká ojú títì. Ẹṣin náà dorí kodò.

"Iyẹ́ kan ṣoṣo, Bàbá," ni Asen ń wí. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ẹ fi iyẹ́ adìyẹ kan ṣoṣo hàn mí nínú ẹrù mi."

"O ti tà wọ́n!" ni Bàbá Tsvetan dáhùn. "Ta ni ò mọ irú yín? Má jẹ́ ká tún rí ẹ lábúlé yìí mọ́!"

Sevda gbé àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá bàbá rẹ̀ ṣa irin. Ralitsa dúró. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbóná bí iṣu ààrò, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu. Ojú tì í, ó sì ṣe ohun tó burú jù: ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó lọ sílé.

Ọbẹ̀ ẹ̀wà wà lórí tábìlì. Ẹyin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀.

"Mú un," ni ìyá àgbà wí.

Ralitsa mú un. Èédú mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹyin ìtẹ́ wa ti pé oṣù kan níbẹ̀. Èédú wọn ti gbẹ, kì í mọ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ta ló kọ èyí ní àárọ̀ yìí? Olè wo ló kó adìyẹ méje, tó wá jókòó, tó fi èédú kọ àgbélébùú sára ẹyin mẹ́ta, tó fi wọ́n sílẹ̀ kí adìyẹ tó kù fún wa má baà sá lọ? Irú olè bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká gbà á síṣẹ́."

Ralitsa bú sẹ́kún. Gbogbo rẹ̀ tú jáde: Teya, ìdábùú, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, fóònù ọjọ́ Àìkú.

"Ó rẹ̀ mí, Màmá Àgbà. Ó ti rẹ̀ mí jù."

"Mo mọ̀. Ó rẹ èmi náà. Àárẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn, mi ò bá ẹ jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló gbá iyẹ́?"

Ralitsa nu èédú ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Èmi náà jẹ̀bi," ni ìyá àgbà wí. "Mo ti mọ̀ láàárọ̀. Mo ní kí n fún ẹ láyè kó o fúnra rẹ sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ Tsvetan á yá tó bẹ́ẹ̀. Bá mi mú ọ̀pá mi."

Ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kò jìn, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí ni wọ́n fi rìn ín. Níbẹ̀, níwájú Bàbá Tsvetan àti àwọn obìnrin mẹ́ta tó jókòó lórí bẹ́ńṣì, Ralitsa sọ ọ́. Bàbá Tsvetan wo bàtà rẹ̀, ó ní, "Ẹn-ẹ́n, ta ló lè mọ̀?", ó sì rántí pé òun ní iṣẹ́ nílé. Lẹ́yìn náà wọ́n rìn dé ìpẹ̀kun abúlé, níbi tí Asen ti ń tún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe.

"Bàbá Sevda, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Èmi ni mi ò ti ilẹ̀kùn."

Asen kò gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. "Mo gbọ́," ló wí. "O wá sọ ọ́, ó dáa, ọ̀pọ̀ ni kì í wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó rí i nígbà tí wọ́n da irin mi sílẹ̀, tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ, ṣé wàá tẹ̀lé gbogbo wọn délé?"

Sevda wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, ìjókòó iwájú ni Sevda ń jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì. Ralitsa dá kọ́ igun àti ìlà fúnra rẹ̀, ó sì hàn nínú èsì ìdánwò: ilé-ìwé kejì tó kọ sílẹ̀ ló gbà á, kì í ṣe èyí tó fẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ bèèrè bóyá ó ń rí oorun sùn. Ralitsa ri wáyà mọ́lẹ̀ yí ilé adìyẹ ká, ó to òkúta lé e. Kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kò lọ fọwọ́ kan ìdábùú lẹ́ẹ̀mejì.

Asen kò kúrò lábúlé, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń ké "Irin àlòkù dà o!" láti òkè dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn, á pa ẹnu mọ́. Ó di ìpẹ̀kun títì kó tó tún ké. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dun Ralitsa ju ẹgba lọ.

"Ẹyin lọ̀rọ̀," ni ìyá àgbà wí, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. O kó orúkọ ọkùnrin yẹn tán nínú ìtẹ́, o ò fi ẹyọ kan sílẹ̀ tó lè mú un padà wá."

Ralitsa ro ó fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ó wọ́ ààrò irin tó ti dógùn-ún jáde, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó fi èédú kọ àgbélébùú kékeré sí i lára. Asen kọjá, kò mú un. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta, ní oṣù kẹjọ, ó dá ẹṣin dúró, ó gbé ààrò náà sínú kẹ̀kẹ́, kò kí ẹnikẹ́ni, ó sì ń lọ. Ralitsa dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń kà. Ilé kan. Ilé méjì.

"Irin àlòkù dà o!"

Kì í ṣe ìpẹ̀kun títì. Ó ku ilé mẹ́jọ kó tó dé ibẹ̀. Ralitsa nu ojú, ó sì lọ da adìyẹ wọlé, nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí kì í rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kì í gbàgbé ilẹ̀kùn. Ẹ̀bi ẹni tó gbàgbé kò pọ̀. Adìyẹ méje ni. Ẹni tó gbá iyẹ́ mọ́lẹ̀, tó wá na ìka sí aláìṣẹ̀, ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kò lóǹkà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni yóò sì máa fi padà, bó bá padà rárá.