Ọkàn Ta Ni Aago Yìí Ń Kà?

Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé so aago náà mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó ti ìka kan bọ abẹ́ okùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó fún jù.

"Má bọ́ ọ o," ó wí. "Bó o bá fẹ́ wẹ̀, omi ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ìgbà tí iná rẹ̀ bá fẹ́ tán nìkan ni kó o bọ́ ọ, kó o fi sí ṣájà, kó o sì tètè dá a padà sọ́wọ́."

Ẹ̀fúùfù ni gbogbo ilé-ìwé ń pe ọmọbìnrin yìí, àwọn olùkọ́ pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá ti gbéra lórí pápá, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ nìkan ni àwọn tí wọ́n jọ ń sáré máa ń rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni. Ó ti sáré nínú òjò, ó wọ aṣọ tútù wálé, ó sì fi ikọ́ tó tẹ̀lé e ṣeré títí ó fi di òtútù àyà. Nígbà tí wọ́n máa fi dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn, ó ti rù débi pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ kúrò léjìká.

Dókítà ní ara rẹ̀ ń bọ̀ wá sípò, àmọ́ kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ó ní kò gbọdọ̀ sáré rárá títí ọkàn rẹ̀ yóò fi máa rọra lù bí ti tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá jókòó. Aago yìí, tó jẹ́ ti ikọ̀ eléré ìdárayá ilé-ìwé, ni wọ́n fẹ́ fi máa ṣọ́ ọ. Ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń mọ̀ bí èèyàn bá sùn dáadáa, ó ń mọ̀ bó bá rìn tàbí bó bá sáré, gbogbo ohun tó bá sì kà ló ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù nọ́ọ̀sì.

Kóòṣì wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà ó ń wò wọ́n. Ó ṣàlàyé fún Ẹ̀fúùfù pé bí ara rẹ̀ bá yá kí ìdíje àwọn ilé-ìwé tó dé, òun ni yóò sáré irinwó mítà bó ṣe máa ń ṣe. Bí kò bá yá, Gígùn ni yóò rọ́pò rẹ̀.

Gígùn ni ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ńṣe ló máa ń ká a sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ṣe máa ń rí nígbà tí àyè kan ṣoṣo bá ń bẹ nílẹ̀.

Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, Ẹ̀fúùfù pa àṣẹ mọ́. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ń lọ tààrà. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀. Yàrá kan tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù náà: ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, áyọ́ọ̀nù wà ní kọ̀rọ̀, àjákù aṣọ sì wà níbi gbogbo. Ìlú mìíràn ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Nítorí náà, bàbá ló ń se oúnjẹ, bàbá ló ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò, bàbá náà ló sì sùn sórí àga nílé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ̀ fi wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ẹ̀fúùfù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń wo Gígùn bó ṣe ń sáré lójú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń gbà. Ọ̀kan nínú àwọn eléré náà rí i, ó sì pariwo pé Ẹ̀fúùfù ilé-ìwé àwọn ti di atẹ́gùn fáànù, pé ojú kan ló wà tó ń fẹ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ṣinṣin. Bó ṣe ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Ikọ́ ti lọ. Ó ń jẹun. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ ni aago yìí fẹ́ rí. Ta ló wá ń jókòó tó bàbá òun?

Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé okùn aago ń yún òun lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì sì ti ní kò gbọdọ̀ kúrò lára èèyàn, kí aago náà má baà kú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun so ó mọ́wọ́ fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá rẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan nípa irú aago bẹ́ẹ̀, na ọwọ́ sí i láìbéèrè ọ̀rọ̀ kejì.

"So ó dáadáa," ó wí. "Èmi náà á kúkú dà bí ọ̀gá lónìí."

Láti ọjọ́ náà lọ, bí bàbá bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, ọmọ á sọ pé òun ń lọ kàwé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ló ń lọ, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Ó ń sáré níbẹ̀ títí òógùn á fi bò ó. Nígbà tó yá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Bó bá wúkọ́ tán, á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, á dúró kí èémí rẹ̀ balẹ̀, lẹ́yìn náà á lọ gba aago lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, ó ń rí àwọn nǹkan kan tí kò kà sí. Bàbá rẹ̀ á dá iṣẹ́ dúró lójijì, á fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. Bó bá gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á di férémù ìlẹ̀kùn mú fúngbà díẹ̀ kó tó wọlé. Ó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, bàbá ní ooru áyọ́ọ̀nù ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè é. Ó bá kóòṣì lórí ìjókòó nínú yàrá náà. Ó rò pé wọ́n fẹ́ fún òun ní àyè òun padà ni, inú rẹ̀ sì ti ń dùn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó fi ìlà kan hàn án tó ń lọ sókè sódò láìlétò. Ó sọ fún un pé lówùúrọ̀, ìlà náà máa ń dára. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, nígbà tí aago fi hàn pé ó jókòó sójú kan, ọkàn rẹ̀ kì í lù bí ọkàn ẹni tó jókòó. Á sáré, á fò, á dúró díẹ̀, á tún gbéra. Ó bi í bóyá òòyì máa ń kọ́ ọ, bóyá èémí rẹ̀ máa ń ké kúrú.

Ẹ̀fúùfù ní rárá.

Kóòṣì wo nọ́ọ̀sì. "Àbí aago náà ló ti bàjẹ́?" ó wí. "Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Bí nǹkan kan kò bá ṣe ọ́ lóòótọ́, Ẹ̀fúùfù, sọ fún wa. A ó bọ́ ọ kúrò, ilé ìwòsàn á yẹ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí."

Ọ̀nà là sílẹ̀ gbalaja fún un. Kó kàn gbà pé aago ló bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọkàn tirẹ̀ ń lù dáadáa, dókítà á rí i bẹ́ẹ̀, ó sì lè sáré. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn, bó ṣe di férémù ìlẹ̀kùn mú láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, tí ètè rẹ̀ funfun, tó sì ń ṣe bí ẹni pé ńṣe ni òun ń wo títì.

"Kì í ṣe ọkàn mi ló kà, mà," ó wí. "Ọkàn bàbá mi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, irọ́ tó pa fún bàbá rẹ̀, àti ibi tó ti ń lọ sáré. Kóòṣì bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò dúró bá a wí. Ó ti dìde, ó ń wá báàgì rẹ̀, ó sì ń béèrè ibi tí bàbá náà wà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ọkọ̀ kóòṣì ni wọ́n gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ, aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé kó jọ bí òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kó jẹ́ kí àwọn lọ sílé ìwòsàn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bí òun bá parí aṣọ tó wà nílẹ̀, òun á lọ, bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ẹ̀fúùfù bọ́ síwájú. "Bàámi, irọ́ ni mo pa fún yín. Aago yẹn kò yún mi lọ́wọ́. Mo fi sọ́wọ́ yín kí n lè máa lọ sáré ni, òun ló sì rí i pé ara yín ò yá. Ẹ bínú sí mi bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dìde ká lọ."

Bàbá rẹ̀ wò ó títí. Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, ó ti ìlẹ̀kùn. Iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì ló jókòó sí, kò bojú wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn, ìyẹn sì dun ọmọ náà ju ìbáwí lọ.

Wọ́n so àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àyà bàbá náà, ẹ̀rọ ńlá kan sì ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà. Dókítà, obìnrin kan tó máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, jókòó tì wọ́n. Ó ní apá òkè ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n dípò kó máa lù, pé bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀ kó sì gba inú ọpọlọ lọ. Ìyẹn ló máa ń sọ ẹlòmíràn di alárùn rọpárọsẹ̀, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ apá kan kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní oògùn wà fún un, wọ́n sì dé lásìkò.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, dókítà yíjú sí Ẹ̀fúùfù.

"Aago kì í ṣe dókítà," ó wí. "Ó lè ṣì nǹkan kà. Ká ní o dákẹ́, ìwọ là bá máa yẹ̀ wò níbí, bàbá rẹ á sì wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ikọ́ ọmọ náà, ó sì yẹ àyà tirẹ̀ wò. Òtútù àyà náà ti ń padà bọ̀. Ìsinmi rẹ̀ wá gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni kóòṣì yọ ọ́ kúrò nínú ikọ̀ títí sáà náà yóò fi parí. Kóòṣì ní kì í ṣe tìtorí àìsàn nìkan. Ó ní òun kò lè kó ọmọ ọlọ́mọ sáré bí òun kò bá lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀fúùfù kò jiyàn. Gígùn wá kí wọn nílé ìwòsàn, ó gbé ọsàn wá, ó sì jókòó pẹ́. Kò mẹ́nu kan ìdíje rárá.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dá bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ló tó bá ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Inú bí mi," ó wí. "Mo ní ọmọ mi fi mí ṣe ìṣó tó ń fi aago kọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àmọ́ mo tún rò ó. Ìwọ nìkan lo mọ̀. O lè panu mọ́, o ò panu mọ́. Màá padà lọ síbi iṣẹ́ mi tọwọ́ tẹsẹ̀. O ṣé, ọmọ mi."

Ẹ̀fúùfù sunkún débi pé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan tó ń kọjá lọ yà wá wò wọ́n.

Ìyá rẹ̀ gba ààyè níbi iṣẹ́ ó wálé, ó sì ra aago tirẹ̀ fún bàbá. Lówùúrọ̀, bàbá àti ọmọ á jọ jáde, wọ́n á rọra rìn yí àdúgbò ká, oníkálùkù pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ yára, bàbá á ní kó rọra, pé nọ́ọ̀sì ń wo àwọn. Díẹ̀díẹ̀, ìlà orí fóònù ń gún régé. Ìdíje ti dé kí ti ọmọ tó gún régé tán, nítorí náà orí ìjókòó àwọn òǹwòran ni òun àti bàbá rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà. Gígùn ló sáré, ipò kejì ló sì gbà. Ẹ̀fúùfù ké orúkọ rẹ̀ títí ohùn òun fúnra rẹ̀ fi há.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, bàbá rẹ̀ bi í bóyá ó dùn ún.

"Ó dùn mí, Bàámi," ó wí.

Ó na ọwọ́, ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ bàbá rẹ̀, níbi tí nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ láti máa wò. Iṣan ń lù lábẹ́ ìka rẹ̀, ó dọ́gba, kò fò, kò sì dúró. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀. Ó dúpẹ́ lórí nọ́ọ̀sì tí kò fojú fo ìlà kan tó wọ́, lórí kóòṣì tó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn, àti lórí bàbá tó bínú tó sì tún dárí jì í. Ohun tó wá yé e lọ́jọ́ náà, gbogbo ọ̀dọ́ ló lè fi kọ́gbọ́n: ẹni tó bá ń tan àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ ń fi ẹ̀mí ṣeré, ẹ̀mí tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. Bó bá sì ti ṣe àṣìṣe, kó tètè sọ òótọ́, kódà bó bá máa pàdánù nǹkan tó fẹ́ràn. Ìdíje mìíràn ń bọ̀. Bàbá kan ṣoṣo ló ní.