Ẹgbẹ̀fà Bọ́tìnnì

Ọmọ alágbàfọ̀ kan kó owó ìdánwò ara rẹ̀ yá ọ̀rẹ́, ó gba ewì dípò ìwé gbèsè, owó náà sì wọgbó.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sí ìdí láti máa yí ọ̀rọ̀ po. Ohun tó kù láti sọ ni bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ojú rẹ̀ méjèèjì là ṣe rìn sínú kòtò tí ìyá rẹ̀ ti ń fọwọ́ júwe fún un láti kékeré.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá náà kò ju yàrá kan lọ. Tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, bàsíà sìtáàṣì wà lábẹ́ rẹ̀, okùn mẹ́ta sì nà kọjá lókè pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ti lọ̀. Bí ènìyàn bá gbé aṣọ wọlé, kí ó tó kí ìyá yìí tán, ìyá ti fi pín-ìn kọ́ páálí kékeré mọ́ aṣọ náà lọ́rùn: orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tí yóò lọ, àbàwọ́n tó bá a wá. Yóò ya páálí náà sí méjì, ìdajì fún olówó aṣọ, ìdajì fún aṣọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, gbé ṣòkòtò kan wá lọ́jọ́ kan. Ìyá kọ́ páálí mọ́ ọn.

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà?"

"Ìwọ gan-an. Tí ṣòkòtò yìí bá sọnù, ọmọ ìyá ò lè bò ẹ́ nídìí."

Iṣẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ni láti máa rán bọ́tìnnì tó bá já. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ọmọ náà ní Bọ́tìnnì, tí wọ́n sì ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Bọ́tìnnì. Owó orí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ, owó náà kò sì tó nǹkan. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé owó ìdánwò àṣejáde jẹ́ ẹgbẹ̀fà bọ́tìnnì, ìyẹn ẹgbẹ̀rún kan àti igba. Ọdún méjì ló fi rán wọn. Orí ìka rẹ̀ yi bí awọ bàtà. Ní ọjọ́ Àìkú kan, agolo mílíìkì tó ń kó owó náà sí kún. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun yóò lọ san án.

Ọjọ́ Àìkú yẹn náà ni Akéwì dé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gba ipò kìíní nínú ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ, àwọn olùkọ́ sì ti bà á jẹ́ pẹ̀lú àtẹ́wọ́ débi pé kò lè sọ pé òjò ń rọ̀ láì kọ́kọ́ kí ojú ọ̀run. Ó jókòó sórí àpótí ọṣẹ, ó sunkún. Ó ní wọ́n jí owó ìdánwò òun nínú báàgì. Ó ní bàbá òun fẹ́ rí rìsíìtì lọ́la.

"Àǹtí mi á fún mi lówó ní ìparí oṣù. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, Bọ́tìnnì. Ìforúkọsílẹ̀ ò sì ní parí títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ta ni mo tún ní?"

Bọ́tìnnì wo páálí tó rọ̀ sára aṣọ gbogbo. "Ṣé... ṣé ká wulẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ni?"

Akéwì gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Kọ ọ́ sílẹ̀? Àwa méjèèjì? Ṣé oníbàárà yín ni mí?"

Ìtìjú bá Bọ́tìnnì. Ó bẹ̀ ẹ́! Olówó ń bẹ ẹni tó fẹ́ yáwó. Akéwì wá ṣíjú àánú wò ó, ó fa bébà olódòdó kan yọ, ó sì kọ èyí:

"Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ìràwọ̀ òwúrọ̀ ayé mi,
Nígbà tí òkùnkùn ṣú, ìwọ lo tàn sí mi.
Owó tí o fi ràn mí lọ́wọ́ kò ní parẹ́ lọ́kàn mi,
Títí ayé ni n ó máa fi ìfẹ́ san án fún ọ."

Ó kà á sókè, ó sì gbọn ohùn níbi tó yẹ kí ó gbọ̀n. Omi bọ́ lójú Bọ́tìnnì. Wọ́n máa ń ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ti ọjọ́ yẹn yọ ọdún méjì nínú agolo. Ó da gbogbo owó náà sínú báàgì Akéwì, ó sì tọ́jú ewì rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni tó jèrè.

Ìparí oṣù dé, ó kọjá. Akéwì bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ kan sí i, fóònù tuntun yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìforúkọsílẹ̀ parí, Bọ́tìnnì dá a dúró lẹ́nu géètì níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

"Akéwì, jọ̀ọ́, owó yẹn."

"Owó wo?" Ó ronú, ó tún ronú. "Áà! Èyí tí o fi ràn mí lọ́wọ́? Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ṣoore, ó tún fẹ́ gba oore padà. Ṣé ó kù díẹ̀ kí o béèrè èlé lórí ẹ̀rín tí o rín sí mi ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn aláìníṣẹ́ kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ yẹn ni Bọ́tìnnì tó lọ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Kò ní owó tó lè fi dí i: ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló san owó ilé ọdún kan. Oníbàárà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, bàbá arúgbó tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe akọ̀wé kóòtù, tó sì ṣì ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lójoojúmọ́. Ó na ọwọ́.

"Mú ìwé náà wá kí n rí i."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ìwé gidi wà níbẹ̀.

"Ìyá Bọ́tìnnì, kí nìyí?"

"Ìwé gbèsè ni wọ́n pè é, Bàbá Akọ̀wé."

"Níbo ni 'yá' wà nínú ẹ̀? Èèyàn yá ẹ lówó, èèyàn ràn ẹ́ lọ́wọ́, ṣé ọ̀kan náà ni? Èyí tí wọ́n yá ẹ, wàá dá a padà. Èyí tí wọ́n fi ràn ẹ́ lọ́wọ́, o dúpẹ́, o bá tìrẹ lọ. Eléyìí sì ti dúpẹ́." Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Èló ni owó náà? Kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ wo ló gbà á? Ọjọ́ wo ló máa san án? Orúkọ ta ni? Ìràwọ̀ òwúrọ̀! Ṣé ìràwọ̀ ni ká pè lẹ́jọ́? Ó ní ìfẹ́ lòun máa fi san án. Ọmọ, ṣé ó ti ń san ìfẹ́ náà?"

"Rárá, sà."

"Ẹlẹ́rìí ńkọ́?"

"Àwa méjì la wà níbẹ̀."

"Ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù. Èmi ò ní kí ẹ má lọ. Àmọ́ ìwé tó yẹ kó jẹ́rìí fún ẹ, òun ló máa jẹ́rìí takò ẹ́."

Ìyá Bọ́tìnnì kò gbà. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ilé Akéwì. Bàbá Akéwì ń bá àwọn ènìyàn ra ilẹ̀, ó ń bá wọn tà á. Iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó fi wọ́n jókòó, ó gba bébà olódòdó náà, ó kà á, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ẹ wo bí ọmọ mi ṣe mọ̀wé kọ!"

"Bàbá Akéwì, owó ìdánwò ọmọ mi ló wà níbẹ̀."

"Owó ìdánwò kẹ̀? Mo fún ọmọ mi lówó ìdánwò. Ó san án. Rìsíìtì ẹ̀ nìyí."

"Ti ọmọ mi ló fi san án. Ẹ béèrè ohun tó fi tiyín ṣe. Ta ló ra fóònù fún un?"

"Wọ́n fi ta á lọ́rẹ níbi ìdíje."

Akéwì dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń wo ilẹ̀. Ó fi fóònù náà pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó wo fóònù, ó sì tún wo ìwé. Ó mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó lójú á mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ká bébà náà sí mẹ́rin, ó dá a padà.

"Ẹ má bínú, mà. Ìwé ni mo ń ṣe jẹun. Eléyìí kì í ṣe ìwé gbèsè."

Wọ́n jáde. Lójú ọ̀nà, ìyá kò bú ọmọ. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, ó mú páálí kan tó ṣófo, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Tí mo bá kọ́ ọ mọ́ aṣọ èèyàn, ṣé olè ni mo pè é?"

"Rárá, Màámi."

"Nítorí kí èmi àti ẹ̀ má baà jà ni. Ẹni tí ò bá fẹ́ kí o kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹ. Ìwọ lo dití."

Ìforúkọsílẹ̀ parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Bọ́tìnnì ru ẹrù aṣọ kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́, ó sì rí Akéwì tó ń wọlé pẹ̀lú bírò méjì lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, Akéwì kò rí ẹnikẹ́ni yá a lówó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ́, àní owó bírò. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà egbèje.

Ní ọdún kejì, Bọ́tìnnì jókòó pẹ̀lú àwọn àbúrò ní kíláàsì kan náà. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ yá owó bàtà. Bọ́tìnnì mú páálí. Ó kọ orúkọ àwọn méjèèjì, iye owó, ọjọ́ òní, ọjọ́ tí yóò san án, ó sì kọ 'yá' gàdàgbà sí àárín. Wọ́n fọwọ́ sí i, Bàbá Akọ̀wé fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, oníkálukú mú ẹ̀dà tirẹ̀. Ọmọ náà san án nígbà tó ku ọjọ́ méjì. Ọ̀rẹ́ ṣì ni wọ́n títí dòní, kò sì sí ewì kankan láàárín wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ ò bá lè kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má yá a. Tí ẹ bá fẹ́ fi tọrẹ, ẹ fi tọrẹ, kí ẹ sì gbàgbé ẹ̀.

Ní ti Bọ́tìnnì, ohun tí ìlà mẹ́rin yẹn ná an ni ọdún kan gbáko, àti ẹgbẹ̀fà bọ́tìnnì mìíràn, tó tún rán tọ̀sán-tòru, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹyọ kìíní.